Gbígbé àwọ̀ kọjá nínú ìṣàn láìjẹ́ kó ṣá: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń kọ kóòdù omi àti èéfín

Ẹ da aró sínú odò tó ń ṣàn. Omi á gbé e lọ, aró fúnra rẹ̀ á sì máa tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun kẹta tí ẹnikẹ́ni ò pè máa ń yọjú: ìṣirò wa náà máa ń tan aró ọ̀hún kálẹ̀, títí a ò fi ní mọ èyí tí omi ṣe yàtọ̀ sí èyí tí kóòdù ṣe. Mo ti rí èéfín tó yẹ kó máa yípo rèǹgẹ̀rèǹgẹ̀ tó di ìkùukùu kan ṣoṣo, kì í ṣe nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó kọ kóòdù náà yan ìlànà tí kò yẹ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ohun tí ẹ gbé dé ibi tó ń lọ pẹ̀lú ojú tó fi kúrò nílé.

Ìdọ́gba tí a máa bá ṣiṣẹ́ nìyí:

∂u/∂t + a ∂u/∂x = 0

u ni ohun tí ìṣàn ń gbé (àwọ̀, ooru, iyọ̀ inú omi), a ni eré tí ìṣàn ń sá. A mọ ìdáhùn rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí a gbé á sún sápá ọ̀tún pẹ̀lú eré a, ìrísí rẹ̀ ò sì ní yí padà rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí yìí gan-an. Àṣìṣe kò ríbi sá sí nínú rẹ̀. Python àti NumPy ti tó fún gbogbo iṣẹ́ tó wà níbí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tẹ́ àwọ̀n, ẹ yan ẹrù

Ẹ mú ọ̀nà kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1, kí ẹ pín in sí ojú àwọ̀n 200, kí Δx lè jẹ́ 0.005. Ẹ fi eré a sí 1. Ẹ so ìparí ọ̀nà náà mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, kí ohun tó bá jáde lọ́tùn-ún tún wọlé lósì. Tí àkókò bá pé 1, ẹrù á ti yípo dé ibi tó ti gbéra, ẹ ó sì fi èyí tó dé wé èyí tó lọ.

Ẹrù méjì ni kí ẹ gbé papọ̀. Àkọ́kọ́ ni àpótí: u jẹ́ 1 láti 0.1 dé 0.3, ó jẹ́ 0 níbòmíràn. Èkejì ni òkè tó rọra ga tó sì rọra lọ sílẹ̀: exp(−200(x − 0.7)²). Àpótí máa tú àṣírí ìlànà tó ń dá ìgbì èké sílẹ̀, òkè máa tú àṣírí èyí tó ń jẹ orí ẹrù mọ́lẹ̀. Ẹ má gbé ọ̀kan láìgbé èkejì.

Nọ́ńbà kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré: C = aΔt/Δx, ìyẹn iye ojú àwọ̀n tí ẹrù ń kọjá nínú ìṣísẹ̀ àkókò kan. Courant, Friedrichs àti Lewy ló fi hàn ní Jámánì ní 1928 pé bí ẹrù bá rìn kọjá ibi tí ojú ìlànà yín ríran dé nínú ìṣísẹ̀ kan, kò sí ọ̀nà tí ìdáhùn lè gbà tọ̀nà. Ẹ fi C sí 0.4. Δt á jẹ́ 0.002, ẹ ó sì nílò ìṣísẹ̀ 500 láti yípo lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má fi C = 1 dán kóòdù wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ irú kóòdù yìí, Δt tí mo yàn mú kí C jẹ́ 1 géérégé, àpótí mi sì yípo nígbà mẹ́wàá láìyingin. Mo gbà pé iṣẹ́ ti parí. Lọ́jọ́ kejì mo dín Δt kù sí ìdajì, àpótí náà sì di òkìtì iyanrìn. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi wá ohun tí mo bàjẹ́ láàárọ̀ yẹn kó tó yé mi pé mi ò ba nǹkan kan jẹ́. Tí C bá jẹ́ 1, kóòdù kàn ń da nọ́ńbà ojú kan kọ sí ojú kejì ni, kò sí ìṣirò kankan tó ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo ìlànà alábọ́ọ́dé ló máa dà bí ẹni mímọ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ upwind, kí ẹ sì fọwọ́ ṣe é

Upwind ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni ìṣàn ti ń bọ̀? Ibẹ̀ ló máa wò.

tuntun = u - C*(u - np.roll(u, 1))

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ ojú mẹ́jọ sílẹ̀, kí ẹ fi C = 0.5 ṣe é fúnra yín:

0   0   1   1   1   0   0   0
0   0   0.5   1   1   0.5   0   0
0   0   0.25   0.75   1   0.75   0.25   0

Ẹ kíyè sí ohun méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3 ní ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aró kankan ò sọnù. Àmọ́ nínú ìṣísẹ̀ méjì péré, etí àpótí tó dúró ṣánṣán ti di àtẹ̀gùn. A lè wọn bí ó ṣe ń fẹ̀ tó: upwind ń ṣe bí ẹni pé a fi agbára ìtànkálẹ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ aΔx(1 − C)/2 kún ìdọ́gba wa. Lórí àwọ̀n wa, 0.0015 nìyẹn. Tí ẹ bá yípo lẹ́ẹ̀kan, orí òkè tó ga ní 1 á ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 0.67, etí àpótí tó wà nínú ojú kan tẹ́lẹ̀ á sì ti gba bí ojú 28.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé kí a kàn mú kí ojú àwọ̀n pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò owó rẹ̀. Láti sọ etí yẹn di ìdajì fífẹ̀ rẹ̀, Δx gbọ́dọ̀ di ìdámẹ́rin. Nínú ayé oníhà méjì, ojú á di ìlọ́po 16, ìṣísẹ̀ á di ìlọ́po 4, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á di ìlọ́po 64. Nínú oníhà mẹ́ta, ìlọ́po 256. Gbogbo ìyẹn nítorí kí etí kan lè dín kù sí ìdajì! Ìlànà tó péye kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kan tó máa ń wọ kóòdù níbí ni kí èèyàn kọ `u[i] = u[i] - C*(u[i] - u[i-1])` sínú lúùpù láti òsì sí ọ̀tún, kó sì máa kọ èsì lé orí àtòjọ kan náà. Nígbà tí ẹ bá dé ojú i, ojú i−1 ti di tuntun. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àpẹẹrẹ ojú mẹ́jọ wa, ìlà kejì á di 0, 0, 0.5, 0.75, 0.875, 0.4375, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ: aró dé ìparí ọ̀nà nínú ìṣísẹ̀ kan. Tí ẹ bá rí i pé àwọ̀ ń fò ju bí C ṣe gbà á láyè lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àtòjọ méjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, ni kí ẹ máa lò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ rí ìgbì èké pẹ̀lú ojú ara yín

Lax àti Wendroff gbé ìlànà tó péye ju upwind lọ jáde ní 1960. Ojú mẹ́ta ló ń wò. Tí C bá jẹ́ 0.5, iye tuntun jẹ́ 0.375 ti ojú òsì, 0.75 ti ojú fúnra rẹ̀, kí a wá yọ 0.125 ti ojú ọ̀tún kúrò. Ẹ gbé àpótí wa fún un:

0   −0.125   0.625   1   1.125   0.375   0   0

Àpapọ̀ ṣì jẹ́ 3. Òkè wa náà á yípo pẹ̀lú orí rẹ̀ dáadáa, ó dára ju upwind lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú kejì: aró tó dín ní òfo! Kò sí irú rẹ̀ láyé. Tó bá jẹ́ jíjìn omi tàbí ìwúwo afẹ́fẹ́ ni u, tí ìlà kóòdù míì sì fẹ́ wá gbòǹgbò rẹ̀ (square root), ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ máa ti dẹnu kọlẹ̀.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò láti wá àwọn nọ́ńbà míì tó máa wo èyí sàn. Godunov, ọmọ Rọ́ṣíà, ti fi ẹ̀rí hàn ní 1959 pé ìlànà tó ń lo ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ibi, láìka ohun tó wà nílẹ̀ sí, kò lè péye ju ipele kìn-ín-ní lọ (ìyẹn ni pé bí ojú bá di ìlọ́po méjì, àṣìṣe kàn ń di ìdajì) bí kò bá fẹ́ dá ìgbì èké sílẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí ìlànà máa wo ilẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbogbo ohun tó wà lókè yìí àti gbogbo ohun tó kù nísàlẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi ìjánu sí i

Ẹ yí bí ẹ ṣe ń rò ó padà díẹ̀. Dípò kí ẹ máa ṣe ìṣirò ojú, ẹ máa ṣe ìṣirò ẹnubodè tó wà láàárín ojú méjì: èló ló gba ibẹ̀ kọjá? Ohun tó bá jáde nínú ojú yìí gan-an ló máa wọ ojú tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá kọ kóòdù yín báyìí, àpapọ̀ ò lè dín, kò sì lè lé.

Ẹ fún ojú kọ̀ọ̀kan ní ìdagẹ̀rẹ́ s, kí ẹ má wulẹ̀ kà á sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ohun tó wà lẹ́nu ẹnubodè ọ̀tún á wá jẹ́:

F = a (u + 0.5 (1 − C) s)

Ọgbọ́n wà nínú bí ẹ ṣe máa yan s. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà lósì, ẹ pè é ní p, ẹ wo èyí tó wà lọ́tùn-ún, ẹ pè é ní q. Bí ọ̀kan bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, orí òkè tàbí ìsàlẹ̀ kòtò lẹ wà, s gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Bí àwọn méjèèjì bá ń lọ síbì kan náà, ìlànà tí wọ́n ń pè ní minmod máa mú èyí tó súnmọ́ 0 jù. Ìjánu nìyẹn: ó ń jẹ́ kí ẹṣin sáré níbi tí ọ̀nà ti dán, ó ń fà á sẹ́yìn níbi tí ọ̀gbun wà.

Ẹ gbé àpótí wa fún minmod. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti upwind, torí gbogbo s ló jẹ́ 0. Ní ìṣísẹ̀ kejì:

0   0   0.1875   0.8125   1   0.8125   0.1875   0

Ẹ fi wé 0.25 àti 0.75 ti upwind. Etí ti ṣánṣán sí i, kò sí òdì, kò sí ohun tó ju 1 lọ, àpapọ̀ ṣì jẹ́ 3. Harten ló fi ìdí ìlànà tó ń ṣọ́ irú àwọn nǹkan wọ̀nyí múlẹ̀ ní 1983, orúkọ tí ẹ máa rí lára rẹ̀ ni TVD (total variation diminishing).

Minmod máa ń ṣọ́ra jù lójú tèmi. Van Leer, ará Netherlands, dábàá ní 1974 pé bí p àti q bá ń lọ síbì kan náà, kí s jẹ́ 2pq/(p + q). Òun ni mo máa ń fi sílẹ̀ nínú kóòdù mi bí n kò bá ní ìdí pàtàkì láti yí i padà. Superbee wà náà, ó sì ń mú etí gún ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ṣe sí òkè yín: á gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, á sì gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí òkè á fi fẹ́ jọ àpótí. Ẹni tó ń gbé ààlà omi àti epo lè fẹ́ ìyẹn. Ẹni tó ń gbé ooru kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ.

Bí eré bá ń yí padà láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ fi eré ẹnubodè fúnra rẹ̀ ṣe ìpinnu: bó bá ju 0 lọ, ẹ mú u àti s ti ojú òsì, bó bá dín ní 0, ẹ mú ti ọ̀tún, kí àmì tó wà níwájú s sì yí padà, kí ẹ sì lo iye C láìka àmì rẹ̀ sí.

Ìgbésẹ̀ 5: WENO, nígbà tí ìjánu ò bá tó

Ìṣòro kan kù. Ìjánu kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orí òkè gidi àti ìgbì èké, nítorí náà gbogbo orí òkè ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹrù yín bá máa rìn jìnnà, bí ìgbì tó ń yípo nígbà 20 tàbí 50, orí rẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ibí ni WENO (weighted essentially non-oscillatory, ìlànà tó ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà bí ilẹ̀ ṣe rí) ti wúlò, pàápàá èyí tí Jiang àti Shu tẹ̀ jáde ní 1996.

Ó ń pe ẹlẹ́rìí mẹ́ta láti sọ iye tó wà lẹ́nu ẹnubodè ọ̀tún ojú i. Ẹ jẹ́ ká pe ojú márùn-ún tó yí i ká ní A, B, D, E, G láti òsì sí ọ̀tún, kí D jẹ́ ojú i:

q0 = (2A − 7B + 11D)/6
q1 = (−B + 5D + 2E)/6
q2 = (2D + 5E − G)/6

Bí ilẹ̀ bá dán, ìwọ̀n wọn á súnmọ́ 0.1, 0.6 àti 0.3, àpapọ̀ wọn á sì péye dé ipele karùn-ún. Àmọ́ kí a tó gbọ́ ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan, a máa wo bí ilẹ̀ tó dúró lé ṣe rí gbágungbàgun tó:

β0 = 13/12 (A − 2B + D)² + 1/4 (A − 4B + 3D)²
β1 = 13/12 (B − 2D + E)² + 1/4 (B − E)²
β2 = 13/12 (D − 2E + G)² + 1/4 (3D − 4E + G)²

Ẹ pín ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan (0.1, 0.6, 0.3) pẹ̀lú (β + 0.000001)², kí ẹ wá pín èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àpapọ̀ wọn kí wọ́n lè jẹ́ 1.

Ẹ dán an wò létí àpótí: 1, 1, 1, 0, 0. β0 jẹ́ 0, β1 jẹ́ 4/3, β2 jẹ́ 10/3. Ohun tí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ gbà jẹ́ bílíọ̀nù 100, èkejì gba 0.3375, ẹ̀kẹta gba 0.027. Ohùn ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ nìkan ló kù, ó sì sọ pé (2 − 7 + 11)/6 = 1. Òótọ́ ló sọ. Ká ní a fi 0.1, 0.6 àti 0.3 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 0.6 là bá rí. Mo máa ń fi nọ́ńbà yìí gan-an dán gbogbo WENO tí mo bá kọ wò kí n tó jẹ́ kó sáré, torí àmì kan tó bá ṣì nínú β kì í pariwo. Ó kàn ń ba iṣẹ́ jẹ́ lábẹ́lẹ̀ ni.

WENO kò mọ nǹkan kan nípa àkókò, bẹ́ẹ̀ ni ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo síwájú kò lè gbé e dúró; ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ẹ lo ìṣísẹ̀ mẹ́ta ti Shu àti Osher, 1988, níbi tí L ti jẹ́ ohun tó wọlé dín ohun tó jáde, tí a fi Δx pín:

u1 = u + Δt L(u)
u2 = 3/4 u + 1/4 (u1 + Δt L(u1))
tuntun = 1/3 u + 2/3 (u2 + Δt L(u2))

Ẹ yọ (1 − C) ti ìgbésẹ̀ 4 kúrò pátápátá níbí. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta yìí ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wọn ìpéye, ẹ má fojú díwọ̀n

Ẹ gbé ìgbì sin(2πx) nìkan, kí ẹ yípo lẹ́ẹ̀kan lórí ojú 50, lẹ́yìn náà 100, lẹ́yìn náà 200. Ẹ kọ ìpíndọ́gba àṣìṣe sílẹ̀. Bí ojú bá di ìlọ́po méjì, àṣìṣe upwind á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì, ti Lax-Wendroff á di ìdámẹ́rin, ti WENO á di ìdá 32.

Ọ̀pọ̀ ló máa rí 32 níbẹ̀rẹ̀, tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ sí 8 bí ojú ṣe ń pọ̀, wọ́n á wá rò pé WENO àwọn ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìṣísẹ̀ àkókò tí a lò péye dé ipele kẹta nìkan, òun ló wá di ẹni tó ń fa àṣìṣe. Fún ìdánwò yìí nìkan, nígbàkígbà tí ẹ bá sọ ojú di ìlọ́po méjì, ẹ fi 3.17 pín Δt dípò 2.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ lọ sí ìhà méjì

Ohun tí ẹ kọ́ ṣì dúró: ẹnubodè ọ̀tún àti òsì, ẹ wá fi ti òkè àti ìsàlẹ̀ kún un. Bí eré bá ń yí padà káàkiri, fífi eré ẹnubodè sọ iye WENO di púpọ̀ máa mú ìpéye padà sí ipele kejì, ẹ má retí 32 mọ́. Etí ẹrù á ṣì dára ju ti ìjánu lọ.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ fi 1 sí gbogbo ojú, kí ẹ sì jẹ́ kí kóòdù sáré ìṣísẹ̀ 100. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ 1. Bí ibì kan bá di 1.003, ìlànà yín kọ́ ló jẹ̀bi: eré tó ń wọ ojú yẹn kò bá èyí tó ń jáde dọ́gba, inú ìṣirò eré ni kí ẹ ti lọ tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán àwo Zalesak wò, ìdánwò tó ti wà láti 1979. Lórí àwọ̀n 100 sí 100, ẹ ya àwo tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ 15, tí àárín rẹ̀ wà ní (50, 75), kí ẹ la ojú ihò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 5, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 25, sí i láti ìsàlẹ̀. Eré apá x jẹ́ (π/314)(50 − y), ti apá y jẹ́ (π/314)(x − 50). Àwo náà máa yípo lẹ́ẹ̀kan ní àkókò 628. Ẹ lo Δt 0.5, ìṣísẹ̀ 1256, kí ẹ sì máa tẹ nọ́ńbà mẹ́ta jáde ní gbogbo ìṣísẹ̀ 100: àpapọ̀, èyí tó kéré jù, èyí tó pọ̀ jù. WENO lè yọ díẹ̀ kọjá 1 tàbí sísàlẹ̀ 0. Bó bá jẹ́ ohun tí kò gbọdọ̀ di òdì lẹ ń gbé, ẹ padà sí ìjánu van Leer.

Ẹni tó ń ṣe èéfín fún fíìmù tàbí géèmù lè béèrè nípa ọ̀nà tí Stam gbé kalẹ̀ ní 1999, níbi tí ojú kọ̀ọ̀kan ti ń tọpasẹ̀ ìṣàn padà sẹ́yìn láti wo ibi tó ti wá. Kì í fọ́ bó ti wù kí Δt tóbi tó, mo sì mọyì rẹ̀ fún ìyẹn, àmọ́ àpapọ̀ ẹrù kì í dúró lójú kan, àwọ̀ sì ń ṣá kíákíá bíi ti upwind.

Nígbà tí àwo bá dé, ẹ ya ìlà 0.5 rẹ̀ lé orí ìlà àtilẹ̀wá. Ẹ kọ́kọ́ wo òkè ihò náà lọ́hùn-ún. Bó bá ti dí, tí gbogbo igun sì rọ̀ bákan náà, ìjánu yín ló le jù tàbí àwọ̀n yín ló fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí igun òsì bá ṣì mú tí ti ọ̀tún sì ti yọ́, ẹ padà sí ìlà tí kóòdù ti ń bi ara rẹ̀ níbo ni ìṣàn ti ń bọ̀: ẹnubodè kan wà níbẹ̀ tó ń wo apá tí kò yẹ nígbà tí eré bá dín ní 0.